Camry 2010 tòkunbọ̀: mo ra sẹ́ńsọ̀ táyà tuntun mẹ́rin, iná rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú

Ọmọ_Ọ̀wọ̀_Kúbwà:

Ẹ kú ọyẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ẹni tó mọ̀ nípa sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ inú táyà. Camry 2010 ni mo ń wà, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á ni iná kan ti ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó rí bíi táyà tí wọ́n là sí méjì tí àmì ìyanu wà láàárín rẹ̀. Fọkanáísà àdúgbò wa ní Kúbwà ní bátìrì àwọn sẹ́ńsọ̀ tó bá ọkọ̀ wá ló ti kú. Mo ra mẹ́rin tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì bá mi fi wọ́n sí i nígbà tí mo pààrọ̀ táyà.

Kò sí ìyàtọ̀. Tí mo bá ti ṣíná ọkọ̀, iná yẹn á máa ṣẹ́jú fún bíi ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà á dúró gbọin, kò ní kú mọ́ títí n ó fi dé ibi tí mò ń lọ. Mo ti tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ SET sí lábẹ́ sítíárìn, kò gbọ́. Fọkanáísà ní kí a fi afẹ́fẹ́ kún un, a ti gbé gbogbo wọn dé 40 PSI (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà), kò gbọ́. Mẹkáníìkì mi wá ní òun yóò tú dáṣíbọ́ọ̀dù, òun yóò yọ gílóòbù iná náà kúrò kí ojú mi má rí i mọ́.

Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kàdúná ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà yẹn la máa ń gbà ní òpin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀. Kí ló kù tí mo lè ṣe?

Àbúrò_Gwarinpa:

Bọ̀dá mi, ẹ fi táàpù dúdú bò ó kí ọkàn yín balẹ̀. Iná Corolla tèmi ti ń tàn tipẹ́, mo sì ń lọ Ìbàdàn mo ń bọ̀. Ẹ ṣáà máa fẹsẹ̀ gbá táyà ní àárọ̀, ẹ ó mọ èyí tó ti rọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Kàdúná:

Àbúrò mi, má bínú, mi ò lè ka èyí kí n kọjá lọ láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà òde òní le. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè ti já sí 22, ojú kò ní mọ̀, ẹsẹ̀ kò sì ní mọ̀. Ṣùgbọ́n táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó á máa tẹ̀, á máa nà bó ti ń yí, ooru á máa kó jọ sínú rẹ̀. Lójú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná lọ́sàn-án gangan, tí èèyàn ń sá eré 120, ooru yẹn ló ń ya rọ́bà kúrò lára okùn wáyà inú táyà.

Ṣé ẹ rántí James Ocholi, mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́? Ojú ọ̀nà yìí kan náà ló ti bá ìjàm̀bá ọkọ̀ lọ ní oṣù Kẹta 2016, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Táyà tó bẹ́ ni ìròyìn gbé jáde nígbà náà. Mo ń gbé Kàdúná, mo sì mọ bí ìròyìn yẹn ṣe ká wa lára níbí. Ẹni tó bá kó ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fi táàpù bo irú iná bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀, ẹ dúró de àwọn tó mọṣẹ́.

Rìwáyà_Àpò:

Mo ti dé. Ọmọ Ọ̀wọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ dín afẹ́fẹ́ yẹn kù kí a tó sọ ohunkóhun. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ọkọ̀ níbẹ̀. 32 PSI ni ẹ ó bá lára Camry yẹn, níwájú àti lẹ́yìn, ìyẹn nígbà tí táyà bá tutù. Tí ẹ bá gbé 40 jáde láàárọ̀, tí títì gbígbóná àti oòrùn Àbújá bá pàdé rẹ̀, á gun òkè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín táyà nìkan ni yóò máa jẹ, táyà kò ní fẹ̀ sílẹ̀ mọ́, bíréèkì kò sì ní mú bó ṣe yẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Ọ̀nà méjì ni iná yẹn ń gbà sọ̀rọ̀. Tí ó bá tàn tó sì dúró gbọin láìṣẹ́jú, afẹ́fẹ́ táyà kan ti kéré. Tí ó bá ń ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kí ó tó dúró, ọkọ̀ ń sọ pé òun ò gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀ ni. Ti afẹ́fẹ́ kọ́ nìyẹn. Bí ẹ tilẹ̀ gbé táyà dé 60, ṣíṣẹ́jú ni yóò máa ṣẹ́jú. Owó tí mo ti rí tí àwọn èèyàn ná dànù lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, ó sì ń dùn mí, torí wọn kì í wo bí iná ṣe ń tàn kí wọ́n tó ṣí páálí sẹ́ńsọ̀ tuntun.

Òfin Amẹ́ríkà ló mú nǹkan yìí dé inú ọkọ̀ wa. Lẹ́yìn tí táyà Firestone bẹ̀rẹ̀ sí í ya lára Ford Explorer tí èèyàn púpọ̀ sì kú, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin kan ní 2000. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án 2007, ó ti di dandan fún gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun. Ìdí nìyẹn tí tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tó bá jẹ́ 2008 sókè fi ń ní in. Iye tí òfin náà sọ pé kí iná tàn ni tí afẹ́fẹ́ bá fi ìdá mẹ́rin kan dín sí ti ara ìwé ilẹ̀kùn. Fún 32 tiyín, ó di 24 kí ó tó pariwo, nítorí náà ẹ má retí kí ó sọ fún yín pé ó ti di 28. Géèjì ọwọ́ ṣì pọn dandan.

Ẹ dá mi lóhùn: kí ni wọ́n kọ sára páálí sẹ́ńsọ̀ tí ẹ rà, 315 tàbí 433 MHz, ìyẹn ìgbì rédíò rẹ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi wọ́n sí i? Ṣé sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀?

Ọmọ_Ọ̀wọ̀_Kúbwà:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti dín in kù sí 32 láàárọ̀ kí n tó gbé ọkọ̀ jáde. Páálí náà rèé lọ́wọ́ mi, 433.92 MHz ni wọ́n kọ sí i. Ẹni tó tà á ní gbogbo Toyota ló bá mu. Kò sẹ́ni tó so kọ̀ǹpútà kankan mọ́ ọn, fọkanáísà ṣáà fi wọ́n sí i ni, ó fẹ́ táyà, ó parí. Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ wá, ó ti dà wọ́n nù. Mo ní kó bá mi wá a, ẹyọ kan péré ló rí nínú àwọn fáàfù àlòkù.

Rìwáyà_Àpò:

Ọ̀rọ̀ ti yé wa. Ìṣòro méjì ló wà lórí ara wọn níbẹ̀.

Èkínní, ìgbì rédíò. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ rédíò kékeré tí wọ́n so mọ́ ìdí fáàfù nínú táyà. Toyota tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láyé ọkọ̀ tiyín yìí, 315 MHz ni etí rẹ̀ wà. Èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, 433 ni. Sẹ́ńsọ̀ yín ń pariwo lórí 433, ọkọ̀ sì ń tẹ́tí sí 315. Ẹ kò lè yí rédíò sí iléeṣẹ́ kan kí ẹ máa retí ìròyìn iléeṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó ní gbogbo Toyota ló bá mu kò sọ òótọ́ fún yín. Ibi tí ọkọ̀ ti wá ni kí ẹ máa bèèrè, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan. Hyundai àti Kia láti Amẹ́ríkà ń bẹ tó jẹ́ 433, nítorí náà ẹ má fi ti ọkọ̀ kan mọ ti èkejì.

Èkejì, ká ní 315 ni ẹ tilẹ̀ rà, iná ì bá ṣì máa ṣẹ́jú. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ tó ń pè mọ́ ìròyìn tó ń fi ránṣẹ́. Búréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ tó ń ṣọ́ táyà, ti kọ nọ́ńbà mẹ́rin sínú, kì í sì í dá nọ́ńbà mìíràn lóhùn. Ohun tó dára ni, torí bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya, táyà ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni yóò máa tan iná fún yín. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó máa ń fúnra wọn kọ́ nọ́ńbà tuntun tí ẹ bá ti wà wọ́n díẹ̀. Toyota ìgbà yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi skáànà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a ń so mọ́ ọkọ̀, kọ ọ́ sínú rẹ̀ láti ihò OBD tó wà lábẹ́ sítíárìn.

Bọ́tìnnì SET kò mọ sẹ́ńsọ̀ tuntun mọ́ ọkọ̀ o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún ọkọ̀ pé iye afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà báyìí ni kí ó mú gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ nígbà tí táyà bá wà ní 40 tàbí nígbà tó bá gbóná. Ó di ìgbà tí wọ́n bá wà ní 32 tútù.

Ohun tí n ó ṣe ká ní èmi ni mo ni ọkọ̀ náà: n ó wá sẹ́ńsọ̀ òfìfo, irú èyí tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sí nínú. Autel ń ṣe irú rẹ̀ tó lè sọ̀rọ̀ lórí 315 àti 433, àwọn mìíràn náà ń ṣe é. Skáànà yóò ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú búréènì bọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ sẹ́ńsọ̀ yóò sì kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn gan-an sínú òfìfo mẹ́rin. Tí wọ́n bá ti wọ inú táyà, ọkọ̀ yóò rò pé àwọn sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ló jí dìde. Ẹyọ kan tí fọkanáísà rí, ẹ tọ́jú rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀ níbi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, bí bátìrì rẹ̀ tilẹ̀ ti kú, ẹ lè fi yẹ ohun tí skáànà bá kà wò.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ ra 315 tó ti ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí wọ́n kọ nọ́ńbà tuntun náà sínú ọkọ̀. Ìyẹn náà dára. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ jí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì ka nọ́ńbà rẹ̀ kí wọ́n tó fi táyà bò ó. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n sí i láìkọ́kọ́ kà wọ́n, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀wọ̀_Kúbwà:

Ó yé mi wàyí. N ó wá sí Àpò lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn 433 tí mo rà ńkọ́, ṣé wọ́n ti bàjẹ́?

Rìwáyà_Àpò:

Wọn ò bàjẹ́. Ẹ tà wọ́n fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lo 433, kí ẹ sọ òótọ́ fún un.

Ará_Sábó_Kánò:

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ táyà ni mò ń ṣe níbí ní Kánò, Rìwáyà sì ti sọ ti kọ̀ǹpútà tán. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọwọ́ kún un, torí sẹ́ńsọ̀ tí ó dára máa ń kú sọ́wọ́ ẹni tó ń yọ táyà.

Ọ̀pọ̀ mai faci àti fọkanáísà ojú títì, irin gbọọrọ ni wọ́n fi ń yọ táyà. Tí irin yẹn bá wọlé nítòsí fáàfù, orí sẹ́ńsọ̀ ló máa gún. Mo ti bá ọ̀pọ̀ nínú táyà tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ dúró tì í. Ẹ fi ìka hàn án pé nǹkan wà ní ìdí fáàfù, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà láti òdìkejì, kí irin má sì wọlé jìn ní agbègbè fáàfù. Inú kì í bí wọn tí èèyàn bá sọ ọ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò sẹ́ni tó fi sẹ́ńsọ̀ hàn rí.

Fáàfù tó jẹ́ álúmíníọ́mù máa ń ní nọ́ọ̀tì. Wọn kì í fi agbára dè é. Iye tí àwọn tó ń ṣe é máa ń kọ wà láàárín 4 sí 8 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń de nọ́ọ̀tì), ó yàtọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Spánà tí wọ́n fi ń de nọ́ọ̀tì táyà yóò ṣẹ́ ẹ, bí kò bá sì ṣẹ́, rọ́bà ìdí rẹ̀ yóò tẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ jáde lóru. Rọ́bà yẹn, wọ́ṣà rẹ̀ àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ pààrọ̀ wọn nígbàkigbà tí táyà bá kúrò lára rìmù. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ojú inú fáàfù, èyí tí a ń tú tí a bá fẹ́ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, tó bá jẹ́ idẹ pupa, ẹ má fi sí fáàfù álúmíníọ́mù. Omi òjò àti iyọ̀ inú erùpẹ̀ á mú wọn jẹ ara wọn, wọn á lẹ̀ pọ̀, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u ni gbogbo fáàfù máa kán. Èyí tó ń dán bíi fàdákà ni kí ẹ bèèrè. Ìdérí fáàfù náà, ike ni kí ẹ lò.

Kí n tó lọ: oje inú agolo tí wọ́n ń fọ́n sínú táyà tó ń jò, ó lè dí ojú tí sẹ́ńsọ̀ fi ń mọ afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá ti lò ó láti fi jáde nínú ewu lọ́nà, kò burú, ẹ̀mí ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá délé, kí wọ́n ṣí táyà, kí wọ́n nu sẹ́ńsọ̀.

Tíṣà_Jọ́ọ̀sì:

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má bínú pé mo ń mú ọ̀rọ̀ tèmi wọ inú ti Ọmọ Ọ̀wọ̀. Corolla 2005 ni tèmi, kò ní sẹ́ńsọ̀ láti ilé iṣẹ́ rẹ̀. Mo ra irú èyí tí a ń dé mọ́ orí fáàfù lóde, tó ní ojú kékeré tó ń lo oòrùn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ń yọ mí lẹ́nu. Láàárọ̀ ọyẹ́ báyìí, ó máa ń ké pé afẹ́fẹ́ ti kéré, tó bá di ọ̀sán á dákẹ́. Táyà ẹ̀yìn ọ̀tún máa ń di ìlà lásán, kò ní fi nọ́ńbà hàn. Bákan náà, ohun tó ń kà kò bá ti géèjì ọwọ́ mi mu, ó máa ń dín in ní bíi 2 PSI.

Ará_Sábó_Kánò:

Tíṣà, ọyẹ́ ló ń ṣe ti àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ inú táyà máa ń já ní bíi PSI kan fún ìwọ̀n ooru Sẹ́síọ́ọ̀sì márùn-ún sí mẹ́fà tó bá dín. Ọ̀sán lẹ́yìn iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ fẹ́ táyà, nígbà tó ti sáré, tó sì gbóná. Tó bá wá di ìdájí lókè Jọ́ọ̀sì níbẹ̀, nígbà tí òtútù ń mú èèyàn wọ ẹ̀wù méjì, ó ti lè fi PSI márùn-ún dín. Àárọ̀ ni kí ẹ fẹ́ táyà, kí ọkọ̀ tó kúrò nílé. Páǹpù kékeré tí a ń so mọ́ bátìrì ọkọ̀ tó o. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá wo iye tí ẹ gbé ìkìlọ̀ rẹ̀ sí. Ìwọ̀nyí kò mọ ìwé ara ilẹ̀kùn yín, ẹ̀yin lẹ ó sọ fún wọn. Tí wọ́n bá gbé e sí 30 láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, tí táyà yín sì jẹ́ 30, ojoojúmọ́ ni yóò máa ké.

Táyà tó ń di ìlà, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń dé sóde yìí ń lo bátìrì róbótó CR1632, èèyàn lè fúnra rẹ̀ ṣí i, kò dà bíi ti inú táyà tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù dì pa. Ẹ wo rọ́bà róbótó tó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dé e padà. Tó bá wọ́, afẹ́fẹ́ á máa jáde níbẹ̀, ẹ ó sì rò pé táyà ló lu. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fọ́n sí i.

Rìwáyà_Àpò:

Tó bá jẹ́ pé bátìrì tuntun kò ṣe é, ẹ yọ ṣájà fóònù tó ń wọ ihò ìtanná sìgá, kí ẹ sì yọ kámẹ́rà iwájú ọkọ̀ tí ẹ bá ní, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà á padà. Àwọn ṣájà olówó pọ́ọ́kú máa ń da ariwo sórí ìgbì rédíò. Àwọn tí a ń dé sóde yìí, 433 ni ọ̀pọ̀ wọn, ìgbì yẹn kan náà sì ni rìmóòtù géètì àti ti àláàmù ọkọ̀ ń lò. Tíńtì gíláàsì tó ní irin nínú náà máa ń dínà. Ẹ gbé ojú rẹ̀ kúrò ní ọ̀kánkán oòrùn nígbà tí ẹ bá páàkì: dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn lè kọjá ìwọ̀n 70, bátìrì tó wà nínú ojú yẹn kò sì fẹ́ irú ooru bẹ́ẹ̀, á wú.

Ti 2 PSI yẹn, Jọ́ọ̀sì gangan ló fà á. Ìlú yín ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà sí etí òkun, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run ibẹ̀ fúyẹ́ ju ti Èkó lọ. Géèjì ọwọ́ ń fi afẹ́fẹ́ inú táyà wé ti ìta níbi tí ẹ dúró sí. Sẹ́ńsọ̀ tó bá ń ka àpapọ̀ tó wà nínú táyà, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń yọ iye ti etí òkun kúrò nínú rẹ̀, yóò máa dín in ní bíi 2 PSI lókè yín níbẹ̀. Géèjì ọwọ́ ni kí ẹ gbàgbọ́, bó bá jẹ́ géèjì gidi. Kí ẹ fi 2 PSI dín iye ìkìlọ̀ ti ojú yẹn kù.

Ará_Sábó_Kánò:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un fún Tíṣà: tó bá jẹ́ fáàfù rọ́bà ló wà lára rìmù yín, ìwúwo tí ẹ dé lé e lórí á máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún bí táyà ti ń yí, ìdí rẹ̀ á sán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi fáàfù onírin sí i nígbà tí ẹ bá tún ń pààrọ̀ táyà. Bó bá ti ń ya ní ìdí, ẹ má dúró de ìgbà yẹn.

Akáńtá_Wúsè:

Ẹ jọ̀ọ́, Accord 2014 láti Amẹ́ríkà lèmi ń wà. Iná náà ń tàn, ẹnì kan sì ti dá iye sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin lé mi. Mo kàn ka ibi yìí kí n tó sanwó ni.

Rìwáyà_Àpò:

Àǹtí, ẹ má sanwó! Kò sí sẹ́ńsọ̀ kankan nínú táyà Accord yín. Láti 2013 ni Honda ti yí ti Accord padà. Ọkọ̀ yẹn ń fi àwọn sẹ́ńsọ̀ ABS (bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà yọ̀) wo bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré máa ń kúrú díẹ̀, á sì máa yí kánkán ju àwọn yòókù lọ, ìyẹn ni ọkọ̀ fi ń mọ̀. Ẹ fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé iye tó wà lára ìwé ilẹ̀kùn láàárọ̀, ẹ ṣe káńlíbréṣọ̀n rẹ̀ (kí ó tún òdiwọ̀n kọ́) láti ibi tí ọkọ̀ yín ti ń ṣe é, kí ẹ wá wà á lọ sí ibi tó jìnnà díẹ̀, bíi ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú lọ Lugbe, torí ó nílò bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ìrìn kó tó kọ́ tán. Tí táyà kan bá tóbi ju èkejì lọ tàbí tó ti jẹ jù, ó lè máa tan iná láìsí ìdí.

Akáńtá_Wúsè:

Olúwa á bù kún yín. Owó ilé ìwé ọmọ ni ẹ bá mi dá dúró yẹn.

Ọmọ_Ọ̀wọ̀_Kúbwà:

Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé pẹ̀lú ìròyìn. Mo lọ sí Àpò. Wọ́n so skáànà mọ́ ọkọ̀, nọ́ńbà mẹ́rin wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ọ̀kan nínú wọn sì bá ti sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ tí mo mú lọ́wọ́ mu. Wọ́n kọ wọ́n sínú òfìfo mẹ́rin lórí 315. Mẹ́ta dáhùn ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀kan kò dáhùn. Ọmọkùnrin tó ń ṣe é jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde gìrì nínú táyà náà, ó bá jí. Ó ní àwọn sẹ́ńsọ̀ máa ń sùn láti tọ́jú bátìrì, pé tí afẹ́fẹ́ bá já lójijì tàbí tí táyà bá ń yí ni wọ́n ń jí. A gbé gbogbo rẹ̀ sí 32, mo tẹ SET, mo wà á gba ojú ọ̀nà ńlá padà sí Kúbwà. Kí n tó dé Dutse Alhaji ní Àbújá níbí, iná ti kú.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ òní, ó tún tàn. Kò ṣẹ́jú, ó kàn tàn tó sì dúró ni. Nígbà tó di ọ̀sán, ó kú fúnra rẹ̀.

Rìwáyà_Àpò:

Ẹ kú oríire. Èyí tó tàn láàárọ̀ yìí, ìròyìn rere ni: ọkọ̀ ti ń gbọ́ sẹ́ńsọ̀. Lọ́sàn-án, nínú oòrùn, lẹ sì fẹ́ táyà ní Àpò, nítorí náà ó ti já láàárọ̀. Àmọ́ ọyẹ́ Kúbwà nìkan kò lè já a láti 32 dé 24. Táyà kan ń jò. Ẹ fi géèjì wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárọ̀ ọ̀la kí ọkọ̀ tó yí.

Ọmọ_Ọ̀wọ̀_Kúbwà:

Mo ti wọ̀n wọ́n. Mẹ́ta wà láàárín 28 sí 29. Ẹ̀yìn òsì wà ní 23. Mo fọ́n omi ọṣẹ sí ìdí fáàfù rẹ̀, ó ń hó. Rọ́bà ìdí rẹ̀ wọ́ nígbà tí wọ́n ń dè é. Wọ́n ti pààrọ̀ rọ́bà náà, wọ́n fi spánà tó ń ka agbára dè é bí Ará Sábó ṣe sọ. Mo fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé 32 láàárọ̀, mo tẹ SET. Iná kò tàn mọ́ láti ìgbà náà, a sì ti lọ Kàdúná a ti dé.

Ìyá_Ìbejì_Kàdúná:

Ẹ ṣé o, inú mi dùn. Ẹ wá gba tèmi náà, Rìwáyà: 4Runner 2011 ni baálé mi ń wà. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé 32 láàárọ̀, mo fi géèjì wọ̀n wọ́n fúnra mi. Iná tàn, ó dúró, kò ṣẹ́jú. Níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Rìwáyà_Àpò:

Àǹtí, ẹ wo ẹ́sítírà táyà tó wà lábẹ́ ọkọ̀. 4Runner ní sẹ́ńsọ̀ karùn-ún, inú rẹ̀ ló wà.

Ìyá_Ìbejì_Kàdúná:

12 PSI. A ò mọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti fẹ́ ẹ kẹ́yìn. Ó ti di 32 báyìí, iná ti kú. Ẹ kú iṣẹ́.